Bí ẹ ṣe lè dá ṣe visual novel tó ń jáde ní apá-apá

Visual novel ni géèmù tí a ń kà bí ìtàn, tí òǹkàwé sì sábà máa ń yan ọ̀nà nínú rẹ̀. Apá kìíní kọ́ ló máa ń le jù nínú iṣẹ́ yìí, apá kẹta ni. Kí ẹ tó débẹ̀, gbogbo ohun tí òǹkàwé ti yàn sẹ́yìn ti di gbèsè sí yín lọ́rùn. Ẹni tó jíṣẹ́, ẹni tó kọ̀ láti jẹ́ ẹ, ẹni tó parọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló ń retí kí ìtàn rántí àwọn. Bí ìtàn bá gbàgbé, wọn kì í sábà pariwo. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á sì pa á tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí ìrántí nínú ìtọ́sọ́nà yìí ju àwòrán tàbí orin lọ.

Òǹkàwé ni mò ń pe ẹni tó ń ṣe géèmù náà, nítorí kíkà ló ń ṣe jù. Ọ̀rọ̀ ń yọ nínú àpótí kan nísàlẹ̀, àwòrán ẹ̀dá-ìtàn dúró lókè rẹ̀, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìtàn á sì dúró láti bi í pé kí ló fẹ́ ṣe.

Ìparí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ

Ẹ mú ìwé pélébé kan, kí ẹ kọ bí ìtàn náà ṣe máa parí sí i. Bí ìparí bá ju ọ̀kan lọ, gbólóhùn méjì péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí òǹkàwé gbọ́dọ̀ ti ṣe kó tó lè dé ibẹ̀. Ìparí mẹ́ta tó fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fà á bọ̀ láti ẹ̀yìn. Kí ni òǹkàwé gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí ìparí yìí tó lè wọ̀ ọ́ lára? Ta ló gbọ́dọ̀ ti fọkàn tán? Kí ló gbọ́dọ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ibi tí ìdáhùn bá ti yí padà ni kí apá kan ti parí.

Apá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan, kó sì fi òmíràn sílẹ̀. Ká ní ìtàn yín dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọnù. Apá kìíní lè béèrè pé, ta ló rí i kẹ́yìn? Ẹ dáhùn rẹ̀ pátápátá kí apá náà tó parí. Ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ ni ìbéèrè tuntun tí ìdáhùn yẹn bí: kí ló dé tí ẹni tó rí i kẹ́yìn fi dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá? Apá tí kò dáhùn ohunkóhun, tó kàn gé ọ̀rọ̀ mọ́ òǹkàwé lẹ́nu, ìrẹ́jẹ ni mo kà á sí.

Apá mélòó? Mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín. Nílẹ̀ Japan, ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ 07th Expansion gbé Higurashi no Naku Koro ni jáde ní apá mẹ́jọ. Apá kìíní jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, apá kẹjọ sì jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2006. Ọdún mẹ́rin gbáko, bẹ́ẹ̀ òǹkàwé kò yan ọ̀nà kankan nínú rẹ̀. Kíkà ni títí dé òpin. Bí ẹ bá wá fi yíyàn kún tiyín, ẹ mọ̀ pé ẹrù yín wúwo ju tiwọn lọ lórí apá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ìwé

Ẹni tó ń kàwé wẹ́rẹ́ lè ka nǹkan bí 200 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, 8,000 ọ̀rọ̀ á mú un jókòó fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, ìyẹn sì dára fún apá kan. Bí ẹ bá lè kọ 500 ọ̀rọ̀ lójúmọ́, lọ́jọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kíkọ nìkan máa gbà. Ẹ má gbàgbé pé ohun tí ẹ̀ ń kọ máa ń pọ̀ ju ohun tí òǹkàwé kan rí lọ, torí pé ẹni tó gba ọ̀nà ọ̀tún kì í ka ti òsì.

Ẹ ka àwòrán náà. Ẹ̀dá-ìtàn mẹ́rin tí ojú kọ̀ọ̀kan wọn ń yí padà lọ́nà mẹ́fà (ìdùnnú, ìbínú, ìyàlẹ́nu àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) ti di àwòrán 24. Ẹ fi ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo kún un, ó di 30. Mo máa ń rọ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pé kí apá kìíní má ju ẹ̀dá-ìtàn mẹ́ta tó ní àwòrán lọ. Àwọn yòókù lè máa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, lórí fóònù, tàbí nínú lẹ́tà. Òǹkàwé kì í bínú sí ohùn tí kò rí ojú rẹ̀, bí ohùn náà bá ní ẹ̀mí.

Irinṣẹ́

Ren'Py, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe visual novel, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀fẹ́ ni, Tom Rothamel ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2004, orí èdè kọ̀ǹpútà Python ló sì dúró lé. Iṣẹ́ kan náà tí ẹ bá fi ṣe lè jáde fún Windows, macOS, Linux, Android, iOS àti fún bíráúsà. Twine, tí Chris Klimas gbé jáde ní 2009, dára púpọ̀ láti fi ya bí ọ̀nà ṣe ń pín kí ẹ tó fọwọ́ kan àwòrán kankan. Bó bá jẹ́ pé Unity, ètò tí a fi ń ṣe géèmù, ti mọ́ yín lára tẹ́lẹ̀, Ink, èdè ìkọ̀tàn láti ọwọ́ iléeṣẹ́ inkle, máa bá yín lára mu. Ẹ má lo oṣù kan láti yan irinṣẹ́. Bí ẹ kò bá ní ìdí pàtàkì láti mú òmíràn, ẹ mú Ren'Py, kí ẹ lọ jókòó ti ìtàn yín.

Ọ̀nà yóò yà, ọ̀nà yóò tún pàdé

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun kan tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí yíyàn kọ̀ọ̀kan bá ya ọ̀nà sí méjì, tí ọ̀nà wọ̀nyẹn kò sì pàdé mọ́, yíyàn mẹ́wàá ti di ọ̀nà 1,024. Kò sí ẹni tó lè dá kọ ìyẹn. Ohun tí à ń ṣe ni pé ọ̀nà á yà fún ojú ewé díẹ̀, á tún pàdé, ṣùgbọ́n ìtàn á fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́kàn.

Mo pín yíyàn sí oríṣi mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ kàn ń yí ìdáhùn kan tàbí méjì padà, tí kò sí ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Òǹkàwé ń fi í sọ irú ẹni tí òun jẹ́ ni. Èkejì ni èyí tí ìtàn máa rántí. Ẹ̀kẹta ló ń pín ọ̀nà ní tòótọ́, tí yóò gbé òǹkàwé lọ síbi tí ẹlòmíràn kò ní dé. Nínú apá kan, ẹ lè ní mẹ́jọ nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́ta nínú èkejì, àti ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ̀kẹta, bó bá tiẹ̀ máa wà rárá.

Oríṣi kejì yẹn ni ọkàn iṣẹ́ yìí wà. Ó dín owó, ó dín àkókò, ó sì ń wọ òǹkàwé lára ju ọ̀nà tuntun lọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú Ren'Py:

```
default leta = "kotii"

label apa1_enu_ona:
    "Lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ."
    menu:
        "Fún bàbá náà ní lẹ́tà":
            $ leta = "fun"
            "Ó gbà á láìsọ̀rọ̀."
        "Fi lẹ́tà náà pamọ́":
            $ leta = "pamo"
            "O tì í bọ àpò, o sì kọjá lọ."
    jump apa1_ile
```

`label` ni orúkọ tí a fún ibì kan nínú ìtàn, `jump` ló sì ń gbé òǹkàwé lọ síbẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì parí sí `apa1_ile`. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di apá kẹta:

```
label apa3_abawole:
    if leta == "fun":
        "Bàbá náà dìde kí ó tó kí ọ."
    elif leta == "pamo":
        "Bàbá náà wo àpò rẹ kí ó tó wo ojú rẹ."
```

Ìlà kan péré ni ìyàtọ̀. Ẹni tó fi lẹ́tà pamọ́ ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn á ka ìlà yẹn, ara rẹ̀ á sì bù máṣọ. Bí ẹ bá ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ mẹ́fà tàbí méje nínú apá kan, òǹkàwé á gbà pé ìtàn náà mọ òun.

Bí ìrántí ṣe ń rin láti apá dé apá

`leta` tí ẹ rí lókè ni à ń pè ní variable, àpótí kékeré tí géèmù ń fi nǹkan pamọ́ sí. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́ láìmọ̀, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ohun àkọ́kọ́: ṣé kí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ géèmù ọ̀tọ̀, àbí kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ géèmù kan tó ń gbòòrò? Géèmù kan ni mo fara mọ́. Apá kejì á kàn wọlé gẹ́gẹ́ bí àfikún, séèfù òǹkàwé, ìyẹn ibi tó bá ìtàn dé tí géèmù bá a tọ́jú, á ṣì wà níbi tó fi í sí, gbogbo ohun tó yàn á sì wà nínú rẹ̀. Bó bá di dandan kí wọ́n jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ren'Py ní ohun kan tó ń jẹ́ MultiPersistent tí géèmù méjì lè fi pín ìrántí lórí kọ̀ǹpútà kan náà, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i, ibi tó sì ti lè bàjẹ́ pọ̀ sí i.

Gbogbo variable ni kí ẹ fi `default` bẹ̀rẹ̀, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní apá kejì tàbí ìkẹta. Bí òǹkàwé bá ṣí séèfù àtijọ́, Ren'Py á fún variable tuntun náà ní iye tí ẹ kọ sí ìlà `default`. Bó bá jẹ́ pé àárín ìtàn lẹ kàn ti dá a sílẹ̀ pẹ̀lú `$`, séèfù tó ti kọjá ibẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n, géèmù á sì dákú sí òǹkàwé lọ́wọ́. `define` ní tirẹ̀ wà fún ohun tí kì í yí padà, bí orúkọ ẹ̀dá-ìtàn. Ẹ má fi í ṣọ́ yíyàn ẹnikẹ́ni, torí Ren'Py kì í tọ́jú rẹ̀ sínú séèfù.

Ẹ wò ó pé `"kotii"` ni mo fi bẹ̀rẹ̀ `leta`, n kò fi `False` (ìyẹn «bẹ́ẹ̀ kọ́») bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìdí wà fún un. Nínú iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, mo yí orúkọ variable kan padà láàárín apá kìíní àti ìkejì, torí pé orúkọ tuntun náà yé mi jù. Géèmù kò kọ àṣìṣe kankan jáde. Ó rí orúkọ tuntun, ó fún un ní `False`, ó sì gbà pé gbogbo òǹkàwé ló kọ ohun tí mo fi lọ̀ wọ́n. Àwọn tó ti gbà á rí i pé ìtàn ń bá wọn wí fún ohun tí wọn kò ṣe. Láti ìgbà náà, mo máa ń ya «kò tíì débẹ̀» sọ́tọ̀ kúrò lára «ó kọ̀». Bí ìtàn bá dé apá kẹta tí `leta` ṣì jẹ́ `"kotii"`, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti já níbì kan.

Orúkọ variable àti orúkọ `label` tí ẹ bá ti gbé jáde, ẹ má yí i padà mọ́, bó ti wù kó burú tó. `config.save_directory` tó wà nínú fáìlì `options.rpy` ńkọ́? Òun ló ń sọ fún géèmù ibi tí séèfù wà. Bí ẹ bá yí i padà, kò sí séèfù àtijọ́ kankan tí géèmù máa rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn fáìlì `.rpyc` tí Ren'Py ń ṣe fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń pa wọ́n rẹ́ torí wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni, bẹ́ẹ̀ inú wọn ni Ren'Py ti ń mọ ibi tí séèfù kan dúró sí nínú ìtàn. Ẹ tọ́jú ti apá kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbé jáde, kí ẹ sì kọ́ apá tó tẹ̀ lé e lé wọn lórí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan, tábìlì olópòó mẹ́rin: orúkọ variable, iye tó lè ní, ibi tí wọ́n ti fi nǹkan sí i, àti gbogbo ibi tí ìtàn ti bi í léèrè. Bí òpó ìkẹrin bá ṣófo fún variable kan nígbà tí gbogbo ìlànà ìtàn yín ti wà nílẹ̀, ẹ ti ṣe ìlérí tí ẹ kò ní mú ṣẹ. Ẹ wá ibi tí ìtàn á ti rántí rẹ̀, tàbí kí ẹ sọ yíyàn náà di oríṣi àkọ́kọ́ kí apá yẹn tó jáde.

Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì, àwọn mìíràn á ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ má lé wọn padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, ẹ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ṣókí láti ẹnu ẹ̀dá-ìtàn kan, kí ẹ sì bi wọ́n ní yíyàn mẹ́ta tó ṣe pàtàkì nínú apá kìíní. Ìṣẹ́jú méjì kò ní gbà.

Ọ̀rọ̀ inú àpótí

Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni ń kọ ìwé ìtàn. Àpótí náà kò gbà ju ìlà mẹ́ta lọ, gbogbo ìgbà tí òǹkàwé bá sì tẹ bọ́tìnì ni ó ń mí. Ẹ máa kà á sókè. Bí ojú ẹ̀dá-ìtàn bá ti fi ìbànújẹ́ hàn, ẹ má tún kọ ọ́ pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Bí èdè tí ẹ̀ ń kọ bá ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀, ẹ tètè dán fọ́ńtì wò lórí lẹ́tà tó ru àmì méjèèjì, bí ẹ́ àti ọ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó lẹ́wà ló ń sọ wọ́n di àpótí ṣófo.

Àwòrán àti orin

Ẹ fi àpótí aláwọ̀ eérú dípò gbogbo àwòrán títí ìtàn apá náà á fi ṣeé kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá ya àwòrán kó tó kọ ìran á lọ́ra láti gé ìran náà nígbà tí kò bá dára, torí pé àwòrán náà dùn ún. Ẹ fi 1920×1080 ṣe ìwọ̀n, kí ẹ má sì yí i padà láàárín apá. Nínú Ren'Py, `layeredimage` á jẹ́ kí ẹ ya ara lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá máa pààrọ̀ ojú, ẹnu àti aṣọ lórí rẹ̀. Àwòrán ẹ̀yìn kan náà lè di òwúrọ̀, ìrọ̀lẹ́ àti òru bí ẹ bá yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà.

Bí ẹ bá lo orin ẹlòmíràn, ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀. Nínú àwọn àṣẹ Creative Commons (CC), CC0 kò béèrè ohunkóhun. CC BY ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. CC BY-NC kò gbà kí ẹ fi pawó, bẹ́ẹ̀ apá kìíní tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lónìí lè wọnú àpò títà lọ́la. Ẹ kọ orúkọ àti àṣẹ ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e wọlé gan-an.

Ìdánwò

Ren'Py ní ohun tó ń pè ní Lint. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́; á sọ àwòrán tí kò sí àti `jump` tó ń lọ sí `label` tí kò sí fún yín, á tún ka iye ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sẹ́yìn ẹnì kan tó ń ka apá náà, kí ẹ má sọ̀rọ̀ rárá. Ibi tó bá ti ń tẹ bọ́tìnì kíákíá láìkà, ẹ sàmì sí i. Ibẹ̀ ló ń fẹ́ gígé. Ẹ tẹ V pẹ̀lú, kí ẹ gbọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín fún ẹni tí kò ríran.

Ẹ ní fódà kan fún séèfù. Lọ́jọ́ tí apá kìíní bá jáde, ẹ kó séèfù mẹ́ta mẹ́rin tí yíyàn inú wọn yàtọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Gbígbé e jáde

Ẹ má gbé apá kìíní jáde kí ẹ tó parí àkọkọ ìṣáájú apá kejì. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti gbé ohun tó ti ṣe tán pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń kọ apá kejì lẹ máa rí i pé ohun kan yẹ kó ti wà ní ìkíní, bó bá sì ti jáde, ó ti bọ́.

itch.io, ìkànnì tí a ti ń gbé géèmù jáde, rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀: ẹ kò ní san owó kankan kí ẹ tó gbé géèmù síbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa yan ìdá tí wọn yóò mú nínú owó tó bá wọlé, 10% ni wọ́n ń fi síbẹ̀ bí ẹ kò bá yí i padà. Steam, ilé ìtajà géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gba $100 lórí géèmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá a padà lẹ́yìn tí géèmù náà bá ti pa $1,000. Ojú ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà níta fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó lè tà á. Ní tèmi, apá kìíní á jẹ́ ọ̀fẹ́, ìyókù á sì jẹ́ owó kan ṣoṣo, kí òǹkàwé má baà tún máa rò ó wò lẹ́nu ọ̀nà gbogbo apá. Ọjọ́ tí apá tó ń bọ̀ máa jáde, ẹ má kéde rẹ̀ títí ìdánwò á fi parí.

Lẹ́yìn tó bá jáde, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tún àṣìṣe ṣe, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ náà síbi méjì, kí ẹ sì sinmi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà, ẹ má tíì kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ ṣí fódà séèfù yẹn, ẹ gbé séèfù ẹni tó fi lẹ́tà pamọ́ wọ inú apá kejì tí ẹ ti kọ sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá `leta` ṣì jẹ́ `"pamo"`.